Ìlà Tí Mo Fò Nínú Àdúrà Olúwa

Obìnrin tó fọwọ́ kan kókó lára ọmú rẹ̀, tó sì ti sọ fún ara rẹ̀ pé kò sí nǹkan kan, òun ni mo ń kọ ìwé yìí sí. Ẹ jókòó, arábìnrin. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀, nǹkan sì wà níbẹ̀. N óò sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún yín, n óò sì sọ ohun kejì tí mo bá pàdé nínú àìsàn náà, èyí tó bà mí lẹ́rù ju kókó ọ̀hún lọ.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Ní àdúgbò wa, bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan bá dákẹ́, òmíràn ń ké. Èmi ni mo máa ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà, èmi náà ni mo sì máa ń yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó lọ sórí ẹ̀rọ. Ìwé ètò ìsìn, ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn ló ń gba ọwọ́ mi kọjá. Ọkọ mi, Bàbá Tólú, máa ń sọ pé lọ́jọ́ ìdájọ́, bí wọ́n bá ṣí ìwé ìyè, bóyá wọ́n fi àmì ohùn sórí orúkọ mi dáadáa ni n óò kọ́kọ́ wò. Kò purọ́ mọ́ mi. Àṣìṣe máa ń ta mí lójú.

Ọjọ́ kan ni mo nawọ́ sókè láti gbé páálí ìwé kan sọ̀ kalẹ̀, aṣọ mi há mọ́ abẹ́ ọmú òsì, mo sì fọwọ́ sí i láti tún un ṣe. Ibẹ̀ la ti pàdé. Kókó kan ni, ó le, kò tóbi ju kóró àgbálùmọ̀ lọ. Mo tẹ̀ ẹ́, kò dùn mí rárá. Nítorí pé kò dùn mí, mo ní kì í ṣe àìsàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbólóhùn yẹn, nítorí irọ́ ni.

Lẹ́yìn bí oṣù méjì, orí ọmú náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọnú bí ẹni tí ojú ń tì. Ọkọ mi ló rí i.

"Ìyá Tólú, kí nìyí?"

"Ooru ni."

Ó wò mí títí. "Ooru ló ń fa ọmú wọlé?"

Ọjọ́ kẹta a wà ní ilé ìwòsàn ìjọba. Aago mẹ́fà àárọ̀ la dé ibẹ̀, àwọn èèyàn sì ti tò dé ẹnu géètì. Wọ́n fi bírò kọ nọ́ńbà sí àtẹ́lẹwọ́ wa. Nígbà tí wọ́n máa fi pe tèmi, òógùn ti pa nọ́ńbà náà rẹ́, ó ku díẹ̀ kí èmi àti ìyá kan jà lórí ẹni tó kàn. Wọ́n fún mi ní káàdì, wọ́n ti fo lẹ́tà kan nínú orúkọ mi. Mo yọ bírò, mo fi í sí i. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ní, "Màdáámù, káàdì wa nìyẹn o, kì í ṣe ìwé ìdánwò." Wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ lára kókó náà, wọ́n ní kí n padà wá gba èsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ó yẹ kí ẹ mọ ẹ̀gbọ́n mi báyìí. Bísí ni orúkọ rẹ̀, Àǹtí mi ni mò ń pè é. Aránṣọ ni ní Bàrígà. Àwa méjì péré ni Màmá wa bí ní Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí Màmá sì kú, Àǹtí mi ló mú mi wá sí Èkó. Ohun tó ń rí lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló fi rán mi nílé ìwé dé ibi tí mo kàwé dé. Òun fúnra rẹ̀ kò kọjá ìwé mẹ́fà.

Àsìkò tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ń tẹ ìwé ìkórè ni èsì náà jáde, iṣẹ́ sì wọ̀ mí lọ́rùn. Àǹtí mi wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Fúnmi, jókòó ti iṣẹ́ ẹ. Gbé káàdì ẹ wá, èmi á bá ẹ gbà á."

Ọ̀sán ni ó padà dé, ó gbé ẹ̀pà sísun dání fún mi. Ó ní, "Wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Omi ọmú àtijọ́ ló dì síbẹ̀."

"Ìwé ẹ̀ dà?"

"Àwọn ló ń tọ́jú ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn."

Mo jó láàárín ṣọ́ọ̀bù. Èmi tí n kì í gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà láìkà á lẹ́ẹ̀mejì, mo gba èyí láìrí ìwé kankan. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ni mo gbọ́, mo sì jẹ ẹ̀pà mi.

Láti Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn ni Àǹtí mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àgbo wá láti Bàrígà, ìgò ńlá méjì lọ́sẹ̀. Ó ní kí omi tó dì lè yọ́ kíákíá ni. Ó koro bí ìbínú. Ó tún gba òróró àdúrà wá fún mi, ó sì dúró tì mí títí mo fi pa á. Kò pe kókó náà ní kókó, kò sì pè é ní omi mọ́. "Ìyẹn" ni ó ń pè é. "Báwo ni ìyẹn? Ṣé ìyẹn ti rọ̀? Ìyẹn ò jẹ́ kí o sùn?" N kò fura. Nínú ilé wa, àwọn àgbà kì í dárúkọ àrùn burúkú, wọ́n ní bí èèyàn bá pè é, á dáhùn. Bí a ṣe ń pe ejò ní okùn bí ilẹ̀ bá ṣú náà ni.

Ó tún wá ń gbààwẹ̀. Ó gbààwẹ̀ títí eegun fi yọ lọ́rùn rẹ̀. Èmi rò pé ọkọ ló ń bá ọmọbìnrin rẹ̀ wá, mo tiẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Àǹtí mi, ẹ rọra o, kí ọkọ ọ̀hún má baà dé kó máa wá ìyá ìyàwó kiri." Kò rẹ́rìn-ín. Mo rántí pé kò rẹ́rìn-ín.

Kókó náà kò mọ̀ pé àgbo ni mò ń mu. Ó ń tóbi. Òmíràn yọ lábẹ́ abíyá, apá òsì mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, n kò lè gbé páálí ìwé mọ́. Nígbà tí awọ ọmú náà pọ́n tó ń dán, ọkọ mi kò bi mí léèrè mọ́. Ó di ọwọ́ ọ̀tún mi mú, ó dá mi padà sí ilé ìwòsàn.

Dókítà obìnrin kan, tí kò dàgbà púpọ̀, ló ṣí fáìlì mi. Ó kà á, ó wò mí, ó tún kà á.

"Mà, níbo lẹ wà látọjọ́ yìí? Oṣù méje la ti ń retí yín."

"Ẹ ń retí mi fún kí ni? Ṣebí ẹ ní kò sí nǹkan kan."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Ó dìde, ó lọ gbé ìwé ńlá kan wá, ó yí i sọ́dọ̀ mi. Orúkọ mi wà níbẹ̀, ọjọ́ tí èsì jáde wà níbẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí ẹni tó gba èsì máa ń buwọ́ lù, mo rí B ńlá kan tí ikùn rẹ̀ yọ síta bí ti aboyún. Èèyàn kan ṣoṣo ló ń kọ B bẹ́ẹ̀ láyé yìí. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀.

"Jẹjẹrẹ ọmú ni, mà," dókítà náà ní. "Kékeré ni nígbà yẹn. Ó ti dé abíyá báyìí. Ẹ má bẹ̀rù, a ṣì lè ṣe nǹkan sí i, àmọ́ ẹ ti pẹ́."

N kò sunkún. Ọkọ mi ń bá dókítà sọ̀rọ̀, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, B yẹn ni mò ń wò. Mo ń wá bí ó ṣe lè jẹ́ àṣìṣe. Gbogbo ayé mi ni mo ti ń wá àṣìṣe nínú ìwé, ọjọ́ yẹn nìkan ni mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí n rí ọ̀kan. N kò rí i.

Láti ibẹ̀ a kò lọ sílé, Bàrígà la gbà lọ. Àǹtí mi wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Àǹtí mi, èsì mi dà?"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. Kò bi mí pé èsì wo. Ó fa dúrọ́ọ̀ tó ń kó òwú sí, ó kó òwú kúrò, ó mú àpò ìwé kan jáde nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti ṣí i, wọ́n sì ti fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pa á dé.

"Mi ò fẹ́ kí o gbọ́ orúkọ ẹ̀ ni, Fúnmi."

"Orúkọ kí ni?"

"Ìyẹn."

"Oṣù méje! Àǹtí mi, oṣù méje lẹ fi ń wò mí lójú, tí ẹ ń bu àgbo fún mi?"

"Mo ń gbààwẹ̀ sí i. Mo rò pé Ọlọ́run á..."

"Ẹ ti pa mí. Bí mo bá kú, ẹ ò gbọdọ̀ wá síbi òkú mi."

Bàbá Tólú bo ẹnu mi, ọ̀rọ̀ ti jáde. Lọ́dọ̀ wa, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wúwo ju ìgbájú lọ. Mo mọ̀ bí ó ṣe wúwo tó kí n tó sọ ọ́.

N kò ní fi ìtọ́jú náà dẹ́rù bà yín, n kò sì ní purọ́ fún yín. Wọ́n kọ́kọ́ ń fa oògùn sí mi lára, irun mi re, òórùn íńkì tí mo ti ń gbọ́ láti ọdún gbọọrọ wá di ohun tó ń mú òòyì kọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gé ọmú òsì náà kúrò. A ta ẹ̀rọ tí a fi ń gé ìwé, a sì ta ilẹ̀ kékeré tí a ní. Àwọn ará ilé ọkọ mi ní kí n padà sídìí àgbo, wọ́n ní ọ̀bẹ òyìnbó ló ń tú u ká. Mo ní àgbo ti gba oṣù méje lọ́wọ́ mi, ó tó o. Àárọ̀ kan wà tí mo wo ara mi nínú dígí tí n kò mọ ẹni tó ń wò mí. Ẹ̀rù bà mí, ẹ̀rù gidi.

Gbogbo ìgbà yẹn, Àǹtí mi ń fi oúnjẹ ránṣẹ́. N kì í tọ́ ọ wò. Pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi wa ní Bàrígà wá bẹ̀ mí wò nílé.

"Ìyá Tólú, ẹ dárí jì í. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni Jésù ò lè dárí jì?"

"Jésù lè dárí jì í, sà. Kì í ṣe ọmú Jésù ni wọ́n gé."

Ọkọ mi sorí kọ́. Pásítọ̀ kò bínú, ó kàn gbàdúrà ṣókí, ó lọ. Ó pẹ́ kí n tó rántí pé wọ́n gún Jésù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tí mo padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, Àǹtí mi ti kó lọ sí ìjókòó ẹ̀yìn kí n má baà rí i. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Bí a bá ń ka Àdúrà Olúwa, n óò kà á sókè dé "Dárí ẹ̀ṣẹ̀ wa jì wá." Lẹ́yìn náà n óò pa ẹnu mi dé. Ìjọ á sọ pé, "Bí a ti ń dárí ji àwọn tí ó ṣẹ̀ wá," èmi á máa wo òrùlé. N óò tún wá bá wọn níbi "Má ṣe fà wá sínú ìdánwò." Mo gba tèmi, n kò fún ẹlòmíràn. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyẹn fún nǹkan bí ọdún kan, mo sì rò pé èmi ni mo jàre.

Ó wá kan ìwé ètò ìsìn àyájọ́ ìjọ wa. Èmi ni wọ́n gbé e fún. Mo tẹ Àdúrà Olúwa látorí, ta ni yóò tún ṣí Bíbélì nítorí Àdúrà Olúwa? Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì fi í ránṣẹ́ sórí ẹ̀rọ.

Lọ́jọ́ ìsìn náà, ṣọ́ọ̀ṣì kún, àlejò sì pọ̀. Gbogbo ìjọ dìde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. "Fún wa ní oúnjẹ òòjọ́ wa lónìí. Dárí ẹ̀ṣẹ̀ wa jì wá." Níbẹ̀ ni àdúrà náà pín sí méjì. Àwọn tó ń ka ìwé ní, "Má ṣe fà wá." Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n lórí ní, "Bí a ti ń dárí." Ohùn wọn kọlu ara wọn, wọ́n dákẹ́, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo wo ìwé ọwọ́ mi.

Ìlà náà kò sí níbẹ̀.

Mo di ìjókòó iwájú mú. Ohun tí mo ń fi pamọ́ lẹ́nu ni ọwọ́ mi ti tẹ̀ jáde, ó sì ti pín in fún gbogbo ìjọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé èmi nìkan ni mo ń pa ẹnu dé, àṣé mo ti fa ìlà náà yọ lẹ́nu ọmọdé àti àgbà. Pásítọ̀ ní, "Ẹ jẹ́ ká padà síbẹ̀, ẹ̀yin ará. A ò gbọdọ̀ fo ibẹ̀ yẹn." Wọ́n padà síbẹ̀. Èmi kò bá wọn kà á.

Nígbà tí ìsìn parí, ojú ń tì mí láti jáde. Mo jókòó títí èrò fi dín kù, mo wá dìde. Lórí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni mo ti rí Àǹtí mi. Ó ti kó àwọn ìwé tí àwọn èèyàn fi sílẹ̀ jọ sórí itan, ó yá bírò, ó ń fi ọwọ́ kọ ìlà náà sínú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Bí a ti ń dárí ji àwọn tí ó ṣẹ̀ wá." B ńlá, ikùn rẹ̀ yọ síta. B, B, B, lórí gbogbo ìwé.

"Kí lẹ ń ṣe níbí?"

Ó fò dìde. Láti ọdún kan ó lé, n kò tíì bá a sọ̀rọ̀. "Àwọn àlejò ń mú un lọ sílé," ó ní. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi iṣẹ́ ẹ ṣẹ̀sín."

Mo jókòó tì í. Mo bi í ní ìbéèrè tó ti ń jẹ mí lọ́kàn: "Àǹtí mi, kí ló dé tí ẹ fi tọ́jú èsì mi pamọ́?"

Ó pa bírò dé. "O rántí ìwé Màmá?"

Mo rántí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé girama ni. Wọ́n mú lẹ́tà wá láti ilé ìwòsàn, èmi nìkan ni mo gbọ́ òyìnbó nínú ilé, mo dúró láàárín pálọ̀ bí ẹni ń ka ìròyìn, mo kà á, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá lójú gbogbo wọn. Mo dárúkọ rẹ̀. Inú mi tiẹ̀ dùn pé mo mọ ọ̀rọ̀ náà.

"Màmá kọjú sí ògiri lọ́jọ́ yẹn," Àǹtí mi ní. "Wọn ò jẹun mọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n kú. Nígbà tí mo gba tìrẹ, tí mo sì rí ọ̀rọ̀ kan náà níbẹ̀, mo ní mi ò ní fi ẹnu mi pa ẹ́."

Mo wò ó. "Bí mo ṣe fi ẹnu tèmi pa Màmá. Ohun tí ẹ ń sọ nìyẹn?"

"Ohun tí mo rò nígbà yẹn nìyẹn."

"Ẹ ò sọ fún mi rí!"

"Mo bínú sí ẹ fún ọdún kan gbáko, Fúnmi. Lẹ́yìn ìyẹn mo dárí jì ẹ́, mo wá mú ẹ wá sí Èkó. Mi ò sọ ọ́ ni, torí tí mo bá ní mo ti dárí jì ẹ́, wàá mọ̀ pé ẹ̀sùn wà."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ó lé lógún ọdún tí mo ti ń jẹ ìdáríjì obìnrin yìí bí oúnjẹ, tí mo ń wọ̀ ọ́ bí aṣọ, tí mo fi lọ sílé ìwé, n kò mọ̀ pé ìdáríjì ni. Mo rò pé ẹ̀tọ́ mi ni. Gbogbo ohun tí mo ti ń gbọ́ lórí ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì látìgbà èwe, pé a ti dárí jì wá kí a tó mọ̀ pé a jẹ̀bi, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á gbọ́. Mo sunkún débi pé alágbàtọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì wá bi wá bóyá ẹnì kan kú.

Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mú ìwé kan lára èyí tí kò tíì kọ, mo kọ ìlà náà sí i, mo sì kà á sókè. Mo kà á tán. Mo ní, "Àǹtí mi, mo dárí jì yín. Ọ̀rọ̀ òkú tí mo sọ yẹn, ẹ forí jì mí." Ó ní, "Mo ti forí jì ẹ́ kí o tó délé lọ́jọ́ náà."

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Ìdáríjì kò dá ọmú mi padà, kò sì dá oṣù méje padà. Ohun tí Àǹtí mi ṣe kò dára, òun fúnra rẹ̀ sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Dókítà tún ṣàlàyé fún àwa méjèèjì pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ló pa Màmá, pípẹ́ tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó lọ sí ilé ìwòsàn ni. Nítorí náà, arábìnrin, ẹ lọ. Ẹ fẹsẹ̀ ara yín lọ gba èsì yín, ẹ sì gbọ́ orúkọ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá sì ti ṣẹ̀ yín lórí rẹ̀, ẹ má ru ẹ̀ṣẹ̀ yẹn mọ́ àìsàn, ẹrù kan tó yín.

Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí tí wọ́n ti gé e. Irun mi ti hù padà, ó funfun. Apá òsì mi ṣì máa ń wú bí mo bá pẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà, mo sì ń padà lọ fún àyẹ̀wò lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. N kò mọ ohun tí oṣù mẹ́fà tó ń bọ̀ yóò sọ.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n fún mi ní èsì nínú àpò ìwé. N kò ṣí i. Mo gbé e lọ sí Bàrígà, mo fi í lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ẹ bá mi kà á."

"Èmi kẹ̀? Fúnmi, má ṣe mí báyìí."

"Ẹ̀yin náà ni."

Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró. Ó ya àpò ìwé náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á díẹ̀díẹ̀, ìka rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀. Ó dé ibì kan, ìka náà dúró.

"Ẹ pè é, Àǹtí mi."

Ó pa ojú dé. "Jẹjẹrẹ," ó ní. Ó la ojú, ó wò mí bóyá mo ṣì wà níbẹ̀. "Wọ́n ní àwọn ò rí jẹjẹrẹ kankan."

Àwa méjèèjì jókòó, a tẹ́tí sílẹ̀. Kò sí ohun tó dáhùn.